Èsì: "Akọjá-pèpéle" kọ́ o, ẹ wo "gbé" dáadáa

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí "akọjá-pèpéle" tí ọ̀gá wa mú wá lánàá fún "cross-platform" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí onírúurú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: lórí Windows, lórí Linux, lórí macOS. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí; "agbébigbogbo" lèmi dá lábàá. Pèpéle ò tiẹ̀ bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. "Kọjá" yẹn ni. Ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ṣé ó wọlé ni? Ó ti bá tirẹ̀ lọ! Gẹ̀ẹ́sì lẹ gbé kawájú, tí ẹ ń já a ní ege ní ege.

Mo kọ ètò kékeré kan rí tó ń ka àkójọ ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀.txt" ni fáìlì ń jẹ́, "ọ̀rọ̀.txt" ni mo kọ sínú kóòdù. Lórí Windows, wẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í sábà dájà sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé e dórí Linux, ó ní kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ètò yẹn kọjá lọ́dọ̀ Linux lóòótọ́, kò gbé ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní "agbébigbogbo" nìyẹn. Gbé ti ẹrù, gbé ti ilé, ohùn òkè ni méjèèjì, a sì nílò méjèèjì. Àtìgbà tí wọ́n ti fi èdè C tún Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ ní 1973 ni gbígbé e kiri ti rọrùn: èèyàn á gbé kóòdù lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, á tún compile rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé á sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Gbé ẹrù nìyẹn. Nígbà tí èdè Java jáde ní 1995, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń compile. JVM, ètò tó ń mú kóòdù Java ṣiṣẹ́, ni ilé tí wọ́n ti kọ́ dè é lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, yóò kàn wọlé ni. Gbé ilé nìyẹn. Èwo ni "kọjá" gbà nínú méjèèjì?

Ìyá wa kan ní "gbé" tún ni "mo gbé!" ti ẹni tó dáràn. Òótọ́ ni, mà. Ẹni tó bá ti wá ẹ́ olóhùn òkè nínú Unicode, ìlànà tó ń fi nọ́ńbà dá lẹ́tà mọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tí kò rí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un, tó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé àmì sórí lẹ́tà "ẹ", ti ké "mo gbé" yẹn rí.

Ẹni tó sì kọ ọ́ ní "àgbébigbogbo", tó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti fi ṣògbufọ̀: ọgbọ̀n ọdún kì í sọ a- di à-. Akọ̀wé ló ń kọ, àkọsílẹ̀ ni wọ́n kọ. Olùkọ́ àgbà tó kọ́ mi ní mọfíìmù, ìyẹn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀, bí a bá ṣe irú èyí níwájú wọn, wọn á rọra bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọn á máa wò wá, wọn ò ní fọhùn.

Ti "àìrídìmú" tí ẹnìkan tún hú jáde fún sọ́fítíwíà, mi ò dá sí i lónìí. Sọ́fítíwíà lèmi ń pè é.