Ìwé ìṣirò mi àbí ojú kóòṣì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Èmi ni mo ń kọ ìṣirò sílẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù básíkẹ́ẹ̀tì wa. Àyè kan ló kù, ọmọkùnrin méjì ló ń du ú. Nínú ìwé mi, èkíní ló ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù. Kóòṣì wa, bàbá tó ti ń yan ọmọ kí wọ́n tó bí mi, ní èkejì làwọn fẹ́. Wọ́n ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra báyìí, ọmọ náà á ti fi ẹ̀yìn ti alátakò kúrò lábẹ́ àwọ̀n, ẹlòmíì á wá rí bọ́ọ̀lù he. Orúkọ ẹlòmíì yẹn ni mo sì ń kọ!

Mo mọ̀ pé ìṣirò nìkan ò tó. Lọ́dún 2018, Houston Rockets, ẹgbẹ́ kan ní NBA (líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà) tó gbára lé ìṣirò gan-an, ju bọ́ọ̀lù onípọ́ìntì mẹ́ta 27 léraléra láìwọlé, Golden State tí wọ́n ń bá figagbága sì lé wọn dànù nínú ìdíje. Giannis Antetokounmpo (Adétòkunbọ̀ tiwa) ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì ní Gíríìsì kí ẹgbẹ́ Milwaukee tó mú un ní ipò 15 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2013, ó sì padà di ìràwọ̀. Kí ni ìṣirò ibẹ̀ fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n ojú náà ń tanni. Nikola Jokić, tí ara rẹ̀ ò jọ ti sárésáré, ipò 41 ló bọ́ sí nígbà tí wọ́n ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2014, síbẹ̀ ó padà di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù ní NBA.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè máa kà tí yóò fi iṣẹ́ ọmọ kejì yẹn hàn? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ bá bàbá jiyàn láì dà bí aláfojúdi?