Ṣé "ìtànkálẹ̀ ooru" tó fún iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe lójú ọjọ́?

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni pé kí "ìtànkálẹ̀ ooru" dúró fún gbogbo ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà láti ibì kan dé ibòmíràn. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ àti òjò.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti ya àwọn kan sọ́tọ̀. Ẹni tó dúró ní gbangba lọ́sàn-án a ní "oòrùn ń pa mí". Bó bá bọ́ sábẹ́ ibòòji, oòrùn kò pa á mọ́, síbẹ̀ ó ṣì lè ní "ooru ń mú mi". Ohun tí ibòòji dá dúró ni agbára tó ti ara oòrùn wá tààrà, tó la òfìfo kọjá láìsí ohun tó gbé e. Èyí ni kí á pè ní "ìtànṣán".

Ìtànṣán yìí kọ́ ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná jù lọ, bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe máa ń mú un dà bí ẹni pé òun ni. Nínú ìdá 100 agbára oòrùn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí 30 ń padà sí òfìfo, ilẹ̀ àti òkun sì ń gba nǹkan bí ìdajì. Ilẹ̀ tó ti gbóná ló ń mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án gbóná, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ṣe ń ta bíríkì látaré láìsí ẹni tó kúrò lójú kan. "Ìtàtaré" bá a mu.

Ọ̀nà kẹta ni ìjà wà. Afẹ́fẹ́ tó gbóná a fúyẹ́, a gbé ooru rẹ̀ dání, a sì gòkè, tí èyí tó tutù yóò wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ "ìgbéròkè", ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní Èkó, ilẹ̀ a máa yára gbóná ju òkun lọ lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a sì gòkè, ni atẹ́gùn tútù yóò bá fẹ́ wá láti ojú òkun. Ní ìbú ni atẹ́gùn yìí ń fẹ́ lọ, kì í ṣe sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sàhárà tó gbóná ṣe ń fa afẹ́fẹ́ òkun wá fún òjò wa. "Ìgbérìn" ni mo yàn, nítorí pé ó fi hàn pé ohun tó gbé ooru náà ń rìn.

Omi òkun tó di afẹ́fẹ́ tún ń gbé ooru kan tí ọwọ́ kò lè mọ̀, àfi ìgbà tó bá di ìkùukùu tó sì tú u sílẹ̀. "Ooru afarasin" tẹ́ mi lọ́rùn ju "ooru ìkọ̀kọ̀" lọ. Ohun tó kù ni orúkọ omi náà nígbà tó ti di afẹ́fẹ́. "Ooru" ni a ń pe èyí tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò pẹ̀lú, a kò sì lè fi orúkọ kan náà pe ẹrù àti ẹni tó rù ú. Bí ẹ̀ka-èdè yín bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn.