Báwo ni a ṣe lè mọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ ìlú wa kí àtúnṣe tó dé bá a?

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀sí:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìlú kékeré kan ní gúúsù Kwara, tí kò jìnnà sí Ọ̀sí, ni mo ti wá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti rì mí bọmi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ fún mi. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sí ojú fèrèsé. Páànù ló bo orí rẹ̀. Ilé náà gùn tóóró, ó sì ya apá sí ọ̀tún àti sí òsì nítòsí pẹpẹ, bí àgbélébùú. Igi gbígbẹ́ ni ìlẹ̀kùn ńlá iwájú, àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù lọ́mọ ọwọ́ sì dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí àwọn ọba tiwa.

Ìgbìmọ̀ páríìṣì ti pinnu pé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àwọn yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà, wọn yóò sì fi ìlẹ̀kùn irin rọ́pò ti igi. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an. Níbo ni mo ti lè rí ìtàn ilé yìí, kí ni ó sì yẹ kí n kọ sílẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án?

Akọ̀wé Ọ̀fà:

Ẹ kú àníyàn o. Ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Fádà. Ẹ wo ọjọ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ ìlú yín hàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ Fádà tó fọwọ́ sí i, nítorí pé nígbà tí ìlú kan kò tíì ní Fádà tirẹ̀, inú ìwé páríìṣì ńlá tó wà nítòsí ni wọ́n ń kọ àwọn ọmọ ibẹ̀ sí. Ẹ má sì pa ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe Fádà, ló kọ́kọ́ dé, inú yàrá ilé ìwé ni wọ́n sì ti ń gba àdúrà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé kì í ṣe Ìlọrin nìkan ni ìwé àtijọ́ wà. Ní 1943, Oǹdó àti Ìlọrin wà pọ̀ ní àgbègbè kan ṣoṣo lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Hughes, àgbègbè náà sì di dáyósíìsì (àgbègbè tó ní Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní kíkún) Oǹdó ní 1950. Oṣù Kejìlá 1960 ni Ìlọrin dá dúró, ní 1969 ni ó di dáyósíìsì, tí William Mahony sì jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé yín bá ti wà ṣáájú 1960, Oǹdó ni kí ẹ kọ̀wé sí. Àwọn Fádà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA (Society of African Missions) tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní àgbègbè yìí, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Ireland, máa ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ilé àkójọ ìwé ẹgbẹ́ wọn wà ní ìlú Cork, ní Ireland níbẹ̀.

Kọ́lékọ́lé Ọmú-Àrán:

Ilé fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀, bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò wò. Ẹ lọ sí igun tí apá ọ̀tún ti pàdé ara ilé. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, tí ìpele amọ̀ ọ̀tún kò sì wọ inú ti òsì, a jẹ́ pé wọ́n fi apá náà kún un lẹ́yìn ni, bóyá nígbà tí ìjọ pọ̀ sí i. Bí àwọn ìpele náà bá gba inú ara wọn kọjá, ọwọ́ kan náà ló mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ibi pẹpẹ pẹ̀lú. Kí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà káríayé (1962 sí 1965), tó yí ètò ìsìn padà, Fádà máa ń kọjú sí pẹpẹ tó fara ti ògiri ẹ̀yìn, tàbí tó sún mọ́ ọn, àwọn ènìyàn sì máa ń kúnlẹ̀ síbi igi ìdábùú iwájú pẹpẹ láti gba Kọmúníọ̀nù. Bí ojú ihò igi náà bá ṣì wà nílẹ̀, tàbí tí àpá pẹpẹ àtijọ́ wà lára ògiri ẹ̀yìn, ilé yín ti wà kí ìyípadà yẹn tó dé.

Ní ti sìmẹ́ńtì, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má ṣe é. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀ àti láti inú òjò, ojú rẹ̀ náà ni omi sì ń gbà jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí sìmẹ́ńtì bá dí ojú náà, omi yóò há sínú, amọ̀ yóò rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sìmẹ́ńtì náà yóò sì máa já lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lára. Mo ti rí i lára ilé mẹ́ta. Kí wọ́n fi amọ̀ tí a po mọ́ koríko àti ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ẹ, kí páànù yọ síta dáadáa, kí wọ́n sì la ojú àgbàrá kí omi má baà dúró sí ìdí ògiri.

Ọmọ Ọlọ́nà:

Ìlẹ̀kùn yẹn ni ó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll, ọ̀kan nínú àwọn Fádà SMA, bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi fún ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Areogun ará Ọ̀sí, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Èkìtì nítorí ìlẹ̀kùn àti ère. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ sí i, òun náà sì gbẹ́ igi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbọ́n Fádà Carroll ni pé kò ní kí wọ́n máa da àwòrán òyìnbó kọ. Ìtàn Bíbélì ni ó fún wọn, wọ́n sì fi ojú tiwọn gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọba mẹ́ta náà fi ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé ti sọ, abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni Ọ̀yẹ́ àti apá ọ̀dọ̀ yín wà nígbà náà, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú yín. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé Bándélé ló gbẹ́ ẹ, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ náà ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn 1954, wọ́n sì ní ọmọṣẹ́. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú, kì í ṣe iwájú nìkan. Ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn ọlọ́nà ní: ọnà lílé (gígé igi sí ìrísí àkọ́kọ́), àlétúnlé (yíya àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sọ́tọ̀), dídán (mímú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀) àti fífín (gbígbẹ́ àwọn ohun wẹ́wẹ́). Níbi fífín, bí irun orí àti ilà ojú, ni ọwọ́ oníṣẹ́ ti máa ń yàtọ̀ jù.

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀sí:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka èsì yín sétí Fádà ní àná. Mo tún wo igun apá ọ̀tún: ìlà náà là gbọọrọ, àwọn ìpele kò sì wọ inú ara wọn. Ní ẹ̀yìn pẹpẹ, àpá kan wà lára ògiri tó fẹ̀ ju pẹpẹ ìsinsìnyí lọ. Fádà gbà pé kí ìlẹ̀kùn má kúrò títí a ó fi ya àwòrán rẹ̀ tán, ó sì ní kí n wá ní Sátidé ká jọ ṣí ìwé ìrìbọmi. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ni ó kù. Kọ́lékọ́lé, bí ẹ bá lè wá bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ fúnra yín, èmi ni yóò san owó ọkọ̀.