Àbàtà ni àbí ilẹ̀ tútù? Èsì mi lórí "wetland" àti àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú làákàyè o.

Ẹ ṣeun tí ẹ dá sí ìbéèrè mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìlú Nanchang ni mo wà, ní ìpínlẹ̀ Jiangxi lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, mo sì máa ń ran àwọn ọmọ iléèwé girama lọ́wọ́ lórí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ nípa ẹranko àti àyíká wà lára ohun tí wọ́n sábà fi ń dán wọn wò. Wọ́n á kọ àyọkà kan, wọ́n á fi àlàfo mẹ́wàá sínú rẹ̀, ọmọ á wá wá ọ̀rọ̀ tó bá ibẹ̀ mu. Nínú gaokao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, máàkì kan àbọ̀ ni àlàfo kọ̀ọ̀kan, nínú 150 tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Mo kọ irú àyọkà bẹ́ẹ̀ kan lórí adágún Poyang tí kò jìnnà sí wa níbí. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Òṣogbo rí i, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ kí àwọn ọmọ tòun náà fi dánra wò. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti há: Poyang ni adágún omi dídùn tó tóbi jù ní Ṣáínà, ó sì jẹ́ "wetland" pàtàkì, ìyẹn ilẹ̀ tí omi ń bò tàbí tí omi kì í tán lára rẹ̀. Kí ni ká pè é?

(Àwọn ará ibí kì í sọ pé omi dídùn. Dànshuǐ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn omi tó tẹ́, bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ kò tó ṣe ń tẹ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.)

Èsì mẹ́rin ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "ilẹ̀ tútù". Ẹnì kejì ní "irà". Ẹnì kẹta ní ká kúkú kọ ọ́ ní "wẹ́tíláǹdì" ká lọ sinmi. Ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní "àkùrọ̀".

Ẹ̀gbọ́n tó mú ilẹ̀ tútù wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ṣe: shīdì ni wọ́n ń pè é, shī ni tútù, dì ni ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n shīdì kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà wọn. Zhǎozé ni wọ́n mọ̀ nílé, ilẹ̀ olómi tí ẹsẹ̀ ń rì sí. Tāntú náà wà, ìyẹn ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tí òkun ń bò tó tún ń ṣí sílẹ̀. Shīdì ni òrùlé tí àwọn onímọ̀ àti ìjọba fi bo gbogbo wọn. Tí a bá wá tú òrùlé yẹn wá sí Yorùbá, ohun mìíràn la ó gbé wálé. Ta ni kò tíì gbọ́ "má jókòó sórí ilẹ̀ tútù"? Símẹ́ńtì inú ilé ni ìyá ń bá ọmọ wí lé lórí. Bí òjò bá rọ̀ ní àárọ̀, ilẹ̀ tútù ni títí di ọ̀sán. Tútù nínú èdè wa tún jẹ́ àìgbóná, ó jẹ́ ìrọ̀rùn, ó jẹ́ àlàáfíà. Ọmọ Òṣogbo tó bá ka "ilẹ̀ tútù pàtàkì" á rò pé ìlú tí kò sí ìjà ni.

Irà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń gbé ènìyàn mì ni irà. Àwọn ọmọ Ṣáínà náà mọ ìbẹ̀rù yẹn dáadáa, torí kò sí iléèwé tí wọn kì í ti í kọ́ wọn bí àwọn ọmọ ogun Mao ṣe la àbàtà Zoige kọjá ní Sichuan lọ́dún 1935, tí ọ̀pọ̀ wọn sì kú síbẹ̀, ebi àti òtútù pa òmíràn, ẹrẹ̀ gbé òmíràn mì. Ibẹ̀ kan náà ni ìjọba ń ṣọ́ lónìí kí ẹnikẹ́ni má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí. Tí a bá lo irà, ojú ti àtijọ́ la ó máa fi wò ó.

Lórí wẹ́tíláǹdì, èmi kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì, mo ń lo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nílé tẹ́lẹ̀ ni a ń yá orúkọ fún.

Àkùrọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn, torí ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ etí odò ni, tí omi kì í tán lábẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti ń rí ẹ̀fọ́ tútù já nígbà tí oko àwọn yòókù ti gbẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn aṣòfin pàápàá ti yapa síra wọn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar, ní Iran, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1971, tí Ṣáínà sì darapọ̀ mọ́ ní 1992, fẹ̀ bí ojú ọ̀run: ti àdáyébá àti èyí tí ènìyàn ṣe, omi tó dúró àti èyí tó ń ṣàn, oníyọ̀ àti aláìníyọ̀, títí kan etí òkun tí jíjìn rẹ̀ kò ju mítà mẹ́fà lọ nígbà tí omi bá fà. Nínú àdéhùn yìí, àkùrọ̀ wọlé, oko ìrẹsì olómi náà wọlé. Ṣùgbọ́n òfin tí Ṣáínà ṣe lórí shīdì ní ìparí ọdún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, yọ oko ìrẹsì sílẹ̀ gedegbe, àti adágún ẹja sínsìn pẹ̀lú.

Ẹyẹ kò ka òfin. Lọ́dún 1981, wọ́n rí ẹyẹ zhūhuán méje péré ní agbègbè Yang ní Shaanxi, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rò pé kò sí i mọ́ ní Ṣáínà. Inú oko ìrẹsì olómi ni ẹyẹ yìí ti ń ṣa jẹ. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ má ṣe fi oògùn sí oko, kí wọ́n sì jẹ́ kí omi wà nínú rẹ̀ nígbà òtútù. Láti ara méje yẹn ni èyí tó wà láyé lónìí ti wá, wọ́n sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, ìyá wa, àkùrọ̀ ò ṣeé yọ sọ́nà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ ni, kì í ṣe bàbá. Orúkọ bàbá la ń wá.

Àbàtà ni bàbá yẹn lójú tèmi. Gbogbo wa la mọ òwe rẹ̀: àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tó ń ṣe bí àlejò nínú ẹbí la máa ń pa á fún, a sì ti pa á títí a ò wo ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti dúró létí omi, ó ti wò ó, ó ti rí i pé omi tó jókòó jẹ́jẹ́ lọ́hùn-ún yẹn, ìbátan odò ni, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí Poyang ń ṣe nìyẹn gan-an. Nígbà òjò, tí odò Yangtze bá kún, adágún náà lè fẹ̀ kọjá 3,000 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà òtútù, á fà sẹ́yìn títí tí kò fi ní tó 1,000. Ilẹ̀ á yọ, koríko á hù, ẹrẹ̀ á tẹ́ rẹrẹ. Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ báihè á dé láti Siberia, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó wà láyé, wọ́n á máa fi ẹnu gígùn wọn wa gbòǹgbò koríko kan tí wọ́n ń pè ní kǔcǎo, koríko kíkorò, nínú ẹrẹ̀. Tí omi bá pọ̀ jù, ẹnu wọn ò ní tó o. Tí kò bá sì sí rárá, koríko ò ní hù. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí ìlẹ̀kùn omi tí wọ́n ti ń gbèrò láti kọ́ sẹ́nu adágún náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ló bi mí pé: "Tíṣà, 'wet' ni omi, 'land' ni ilẹ̀, èwo wá ni?" Mo túmọ̀ òwe àbàtà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Kò tún bi mí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára lọ sórí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù inú àyọkà náà.

Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń sọ pé àbàtà ni dìqiú zhī shèn, igbó sì ni ẹ̀dọ̀fóró ayé. Shèn ni iwe, èyí tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bíbélì wa lo iwe nínú Léfítíkù fún ohun méjì tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá lára ẹran ẹbọ, ṣùgbọ́n lọ́jà lónìí, iwe adìẹ ni iwe. Bí mo bá kọ "iwe ayé", oúnjẹ ni àwọn ọmọ á máa rò. Mo ti kọ ọ́ báyìí: àbàtà ni asẹ́ ayé. Iṣẹ́ tí ohun yẹn ń ṣe ni mo tú, kì í ṣe ẹ̀yà ara.

"Wildlife" ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹran ìgbẹ́ ti gbé e sínú ìkòkò. Àwọn ará ibí náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ti inú ìkòkò: yěwèi, adùn inú igbó. Èyí tó wà láàyè ni yěshēng dòngwù, ohun abẹ̀mí tí a bí sínú igbó. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ilé aṣòfin wọn fòfin de jíjẹ ẹranko igbó orí ilẹ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ẹranko nínú èdè wa ti ní oko nínú tẹ́lẹ̀, ẹran oko, ṣùgbọ́n kò kó ẹyẹ àti ẹja mọ́ra dáadáa. Mo rò ó pé níwọ̀n bí a ti ń sọ pé ẹran ọ̀sìn, kí ló dé tí a ò fi ní sọ pé "ẹ̀dá àìsìn"? Àbúrò mi ní ó dà bí ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà fún un, mo kọ "àwọn ẹ̀dá inú igbó àti inú omi". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́.

"Endangered" ló dùn mọ́ mi jù. Bīnwēi ni wọ́n ń kọ. Bīn yẹn, àmì omi wà lára rẹ̀ nínú ìkọ̀wé wọn, torí etí omi ló túmọ̀ sí látilẹ̀. Wēi ni ewu. Ẹni tó dúró létí omi, tó kù díẹ̀ kó já sínú ewu. Àwa náà ní bèbè odò, a sì ti ní bèbè ikú! Ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun, ó tán. Gẹ̀ẹ́sì kò ní omi yẹn nínú rárá. Mo fẹ́ kí a ya bèbè ìparun sọ́tọ̀ kúrò lára parun, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kó "endangered" àti "extinct" pọ̀, àwọn ìwé ìròyìn wa náà sì ń ṣe é. Jiāngtún, ẹ̀dá omi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "finless porpoise", tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀ odò (ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa la pe ẹranko kan ní erinmi), wà ní bèbè: 1,012 ni wọ́n kà nínú Yangtze àti àwọn adágún tó so mọ́ ọn ní 2017, ó gòkè sí 1,249 ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de ẹja pípa nínú odò náà fún ọdún mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ti báijì, "dolphin" tí òun náà jẹ́ ará odò yẹn, yàtọ̀. Lọ́dún 2006 wọ́n fi ọkọ̀ wá a káàkiri odò, wọn kò rí ẹyọ kan.

Orúkọ ẹyẹ ló kù. Ẹnì kan ní ká pe báihè ní lékeléke torí pé funfun ni. Rárá o. Lékeléke tí a ń na èékánná sí nígbà èwe, ẹyẹ kékeré tó ń tọ màlúù lẹ́yìn ni. Báihè ga dé àyà ọmọ mi, ìran agùfọn ni, nítorí náà agùfọn funfun ni mo kọ. Èyí tó ní pupa lórí ní àbàtà Zhalong àti ti Yancheng, agùfọn olórí pupa. Lórí ti Yancheng yìí ni àwọn ọmọ mi máa ń kọ àròkọ nípa Xu Xiujuan, ọmọbìnrin ọdún 23 tó ń tọ́jú agùfọn níbẹ̀, tó kú sínú omi ní 1987 níbi tó ti ń wá ẹyẹ omi tó sọnù. Wọ́n a máa kọ "protect" sí gbogbo ìlà. Tọ́jú ni mo lò fún un, kì í ṣe dáàbò bò. Ẹni tó ń dáàbò bo nǹkan lè dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ojú ẹni tó ń tọ́jú kò kúrò lára rẹ̀.

Àlàfo kan ṣì wà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ fún tāntú, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tí òkun ń bò tó sì tún ń ṣí sílẹ̀. Etí òkun Yancheng ló kún fún un, àyọkà kejì sì dá lé e lórí. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, kí ni àwọn apẹja yín ń pè é? Kì í ṣe èyí tí a máa hùmọ̀, èyí tí wọ́n ń pè é gan-an ni mo ń béèrè. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ Òṣogbo ń wọlé.