Mo ti dá àtúnṣe ìbàjẹ́ padà, ṣùgbọ́n kò kúrò nílẹ̀

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ alámùójútó wiki, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè tún ojúewé rẹ̀ ṣe. Lóru àná, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ kọ èébú sínú àyọkà nípa olùkọ́bìnrin kan tó ṣì wà láàyè, ó sì fi nọ́ńbà fóònù olùkọ́ náà sábẹ́ èébú náà. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tí mo fi dá ojúewé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìtàn rẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wà, láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n ti ojúewé náà pa ni, kí àwọn ènìyàn má lè tún un ṣe mọ́?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé ibẹ̀. Dídá àtúnṣe padà kì í pa nǹkan rẹ́, nítorí gbogbo ẹ̀dà tí ojúewé kan ti ní rí ni wiki ń tọ́jú. Èébú lásán lè wà nínú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Lórí MediaWiki, ètò kọ̀ǹpútà tí Wikipedia ń lò, alámùójútó lè fi ẹ̀dà kan pamọ́ láìpa ojúewé rẹ́. Àwọn alámùójútó yòókù ṣì máa rí i, ìdí nìyẹn tí Wikipedia fi yan àwọn díẹ̀ tó lè fi irú rẹ̀ pamọ́ kí alámùójútó pàápàá má lè rí i. Ẹ má kọ ọ́ sínú àlàyé àtúnṣe, ìyẹn gbólóhùn kúkurú tí a fi ń sọ ohun tí a ṣe, pé nọ́ńbà fóònù ni ẹ yọ, nítorí ẹni tó ń wá a ni ẹ ń júwe ọ̀nà fún. Ẹ tún yẹ àwọn ẹ̀dà tó wà láàárín wò: bí ẹlòmíràn bá tún sípẹ́lì ṣe kí ẹ tó dé, nọ́ńbà náà wà nínú tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdáhùn kejì
Ní tèmi, ìbàjẹ́ tí kò ní èébú nínú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní 2005, àyọkà Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa oníròyìn Amẹ́ríkà, John Seigenthaler, sọ pé wọ́n fura sí i lórí ikú Ààrẹ Kennedy. Irọ́ pátápátá ni, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí róbọ́ọ̀tì tó ń ṣọ́ èébú tí ì bá mú un. Àyọkà nípa ẹni tó wà láàyè ni kí a máa fi ojú ènìyàn ṣọ́.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ má tì í pa nítorí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹni náà bá padà wá, ìdajì títì tó: lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, oníṣe tó ti lo ọjọ́ 4, tó sì ti ṣe àtúnṣe 10, ṣì lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ má sì dènà àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí láé, torí ó lè di ti ẹlòmíràn lọ́la.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀dà méjì ni mo bá, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnì kan ti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kan kí n tó dé. Mo ti fi méjèèjì pamọ́, mo sì ti kọ̀wé sí olùkọ́ náà.