Ìdáhùn: «Obìnrin àdámọ́» kọ́ ni ilé ẹjọ́ wí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mi ò ní in lọ́kàn láti dá sí i. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí níbí, bó ṣe yẹ ká túmọ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ìlú ọba lórí ẹni tí òfin ń pè ní obìnrin sí Yorùbá, mo kàn ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láàárọ̀ àná, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú ọba pè mí. Ẹnì kan ti kó ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kọ síbí lọ sórí WhatsApp àwọn obìnrin ìjọ wọn. Ìlà méjì náà rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà:

«Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé obìnrin àdámọ́ nìkan ni obìnrin. Àwọn àyípadà kò gbọdọ̀ wọ ilé ìtura obìnrin mọ́.»

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, hòtẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n ń sọ? Kí ni wọ́n yí padà níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ni o. Níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá wo kì í tán lẹ́nu wọn tí wọ́n bá jókòó mu tíì. Ó mọ ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá wa ló wá dà á rú mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá. Ẹ ti sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé yìí lẹ ò sì wò.

Ti ilé ìtura, ká má pẹ́ níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni. Bí ojú bá ń tì yín láti dárúkọ ìgbẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, kò rùn jù.

Ti àyípadà, tí ẹ fi ń pe àwọn tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe bí wọn (transgender lédè Gẹ̀ẹ́sì), ohùn orí a- ni gbogbo wàhálà. Apẹja ni ẹni tó ń pẹja, akọrin ni ẹni tó ń kọrin. A- olóhùn àárín ló ń sọ ìṣe di olùṣe. Ẹ fà á wálẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, ó di ìṣe náà fúnra rẹ̀: àṣejù, àmujù, àyípadà. Olóṣèlú ló ń ṣèlérí àyípadà. Àyípadà kì í tọ̀, kì í ṣu, kí ló fẹ́ wá ṣe nílé ìgbọ̀nsẹ̀? Ẹ sì lè ní kí n má wulẹ̀ fi àmì ohùn pa yín, pé ayípadà lẹ ní lọ́kàn. Ó dáa. Ta là ń pè ní Aláìyípadà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Ẹni tó bá wá jẹ́ òdìkejì Rẹ̀, irú èèyàn wo la ti sọ ọ́ dà? Ẹni tí kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ ti bú u, ẹ ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹni tó mú aparadà wá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la ti wo eégún onídán, tó wọ abẹ́ ẹní, tó jáde ní erè. Ó paradà nìyẹn. Aparadà ni ẹni tó fara pa mọ́ kí wọ́n má baà mọ̀ ọ́n, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Tíráǹsì lèmi máa pè wọ́n níbí, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Ẹni tó ní ó ń rán òun létí tíráǹsífọ́mà NEPA, kó fara dà á.

Arábìnrin wa tó ń kọ láti Ìbàdàn dábàá akọ-d'abo, ẹ̀gbọ́n sì gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú Jẹ́nẹ́sísì 1:27, «àti akọ àti abo ni ó dá wọn». Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Takọtabo náà wà lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá lápapọ̀ ni ẹsẹ yẹn ń sọ, kì í ṣe ẹnì kan ló ń júwe. Ta ló jẹ́ sọ pé, "Akọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè yín"? Ìyá tó bí ìyá mi, bí ó bá gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ tuntun ní abo, yóò bi wọ́n bóyá ewúrẹ́ ló bímọ.

Ó wá ku àdámọ́, òun gan-an ló sì gbé mi dìde lórí ìjókòó.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà. Ọmọ kan ń jalè, wọ́n nà án, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò jáwọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, àdámọ́ rẹ̀ ni." Ẹlòmíì kò lè rí ebi lára èèyàn kó má fún un lóúnjẹ: àdámọ́ rẹ̀ náà ni. Ìwà là ń sọ àdámọ́ sí. Mi ò gbọ́ imú àdámọ́ rí, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ àdámọ́. Ohun tó wà nínú èèyàn tí pàṣán kò lè lé jáde ni. Ó dáa, ẹ lọ bá tíráǹsì obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin, kó ròyìn ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á ní láti kékeré làwọn ti mọ̀ ọ́n nínú ara àwọn, pé kì í ṣe ohun táwọn kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí èmi tú ìyẹn sí Yorùbá tó já gaara, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: «Àdámọ́ mi ni.» Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn yẹn, òun ni kọ́kọ́rọ́ tó máa fi wọlé!

Yàtọ̀ síyẹn, dá. Ta ló dá a mọ́ ọn? Ẹlẹ́dàá. Ẹ wá mú Ẹlẹ́dàá wọ inú ẹjọ́ táwọn adájọ́ kò pè É sí.

Ẹjọ́ náà kò ṣẹ̀ láti ọ̀run. Ọdún 2018 ni ilé aṣòfin Skọ́tíláǹdì ṣe òfin tó fi ìdajì ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn àjọ ìjọba ṣe àfojúsùn fún obìnrin, wọ́n sì ka tíráǹsì obìnrin mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ For Women Scotland ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e bọ̀, títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìlú ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. (Ẹ ríi pé kì í ṣe «ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì», kí ará Glasgow ní Skọ́tíláǹdì má gbọ́ yín.) Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2025, adájọ́ márùn-ún fẹnu kò, nínú ìwé tó jẹ́ ojú ewé 88, pé bí wọ́n ṣe bí èèyàn ni òfin ìdọ́gba (Equality Act) ọdún 2010 ń wò tó bá ń sọ ọkùnrin àti obìnrin. Ìwé ẹ̀rí tí òfin ọdún 2004 ń fún tíráǹsì, pé ìjọba gbà wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, kò yí ìyẹn padà nínú òfin 2010. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni wọ́n ti sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn láti túmọ̀ obìnrin níbòmíràn, àyàfi nínú òfin yẹn nìkan. Lord Hodge, tó ka ìdájọ́ náà, sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á sí pé apá kan ti ṣẹ́gun èkejì, pé òfin kan náà ṣì ń dáàbò bo tíráǹsì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí wọ́n jẹ́ fìyà jẹ wọ́n.

Ẹ wò ó. Adájọ́ márùn-ún sá fún iṣẹ́ atúmọ̀ èdè. Ẹ̀gbọ́n bá wọn ṣe é parí ní ìlà kan, «obìnrin àdámọ́ nìkan ni obìnrin».

Bí ni ọ̀rọ̀ náà. Ìbí ni wọ́n ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ìdá. «Ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin» ti tó. Ẹ ní ó gùn jù fún akàròyìn. Ṣé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kúrú ni? Odidi gbólóhùn ni, ilé ẹjọ́ ló ń jẹ́ e, kò sì sí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní Houston ní ká kúkú máa sọ pé «ẹni tí wọ́n yàn ní obìnrin nígbà ìbí». Yàn? Díákónì là ń yàn. Mo mọ ohun tó ń lé, ṣùgbọ́n kò sí agbẹ̀bí tó dìbò.

Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Kẹ́mi Badenoch, olóṣèlú ìlú ọba, pé ọmọ wa ni, pé inú rẹ̀ dùn sí ìdájọ́ náà, ẹ jẹ́ kó dúró síta ná. Yorùbá tirẹ̀ kọ́ là ń tún ṣe.

Ó ku ẹni tó ní Yorùbá kò ní irú wàhálà yìí rárá nítorí «ó» kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin. Òótọ́ tó ń fúnni láyọ̀ ni, èmi náà ti fi yangàn rí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ túmọ̀ ìròyìn òṣìṣẹ́ kan tó kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ (he tàbí she lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí ẹnì kejì rẹ̀ fẹ́ pè é. Ohun tí mo kọ rèé: «Wọ́n bá a wí nítorí ó ní òun ò ní pè é ní ó, pé ó ni òun máa pè é.» Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́. Ìdajì ìjà àwọn òyìnbó lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ló kú sínú fáwẹ̀lì kan yẹn.

Ẹ má wá tìtorí ìyẹn sọ pé a ò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti ń sọ láti ọdún 1997 pé àgbà àti ọmọdé la fi ń to ara wa láyé àtijọ́, kì í ṣe ọkùnrin àti obìnrin. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Ìyàwó ilé wa ń pe àbúrò mi obìnrin ní «ọkọ mi» títí dòní. Ṣùgbọ́n bí Orò bá ń ké, ta ni wọ́n ń sé mọ́lé? Wọn kì í béèrè ẹni tó dàgbà jù. Àwọn kan tún mú adelé wá. Ní Àkúrẹ́, láti 2013 sí 2015, ọmọbìnrin Déjì tó wàjà ló jókòó gẹ́gẹ́ bí adelé, pẹ̀lú aṣọ àti fìlà ọkùnrin, Kábíyèsí ni wọ́n ń kí i. Òmíràn mú elégùn Ṣàngó wá, ọkùnrin tó dirun bí obìnrin, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó òrìṣà. Ẹni tó ní àwọn wọ̀nyí fi hàn pé tíráǹsì ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, ó ń fipá fa ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní wọ́n fi hàn pé Yorùbá kò fàyè gba kí èèyàn gbé ipò tí ara rẹ̀ kò bí i sí, òun náà ń purọ́. Oyè ni wọ́n jẹ, ìsìn ni wọ́n sìn, a sì ní orúkọ fún ipò wọn láìfọwọ́ kan «obìnrin» tàbí «ọkùnrin».

Èyí tó bí mi nínú kẹ́yìn ni «ìgbàgbọ́». Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé ilé ẹjọ́ «dáàbò bo ìgbàgbọ́ Maya Forstater», ni ẹni mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin Olúwa pé wọ́n dá arábìnrin onígbàgbọ́ láre. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyí, ní ìlú ọba náà ni: obìnrin náà kọ ọ́ sórí Twitter pé bí wọ́n ṣe bí èèyàn kò ṣe é yí padà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2019, adájọ́ ní irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún nínú ìjọba àwa-ara-wa. Lọ́dún 2021, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre, wọ́n ní òfin bo èrò náà, wọ́n sì tún ní ìyẹn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa yọ tíráǹsì lẹ́nu níbi iṣẹ́. «Ohun tó dá a lójú» ni kẹ́ ẹ kọ. Ìgbàgbọ́ ti ní olówó rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo ti fi ìlà tuntun ránṣẹ́ sí àbúrò mi: «Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ìlú ọba ní, nínú òfin ìdọ́gba ọdún 2010, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ni wọ́n ń pè ní obìnrin. Òfin náà ṣì ń dáàbò bo àwọn tíráǹsì.» Ó ní, "Ó yé mi. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Mi ò dárúkọ yín fún un, ẹ̀gbọ́n.

Ó ku ẹyọ kan. Gbogbo yín ń kọ «ààyè obìnrin» fún ibi tó jẹ́ tàwọn obìnrin nìkan. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́, ààyè ni ẹni tí kò tíì kú; àyè ni ibi tó gba èèyàn. Tí ẹ bá kọ ààyè obìnrin sára ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á sáré wọlé lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Ẹ ní «gbà mí láàyè» ńkọ́? Mo ti rò ó títí lóru àná: ṣé «ní ààyè» ló di láàyè, àbí «ní àyè» tí ẹnu kàn fà gùn? Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, báwo lẹ ṣe ń pè é nílé yín?