Kùkùté dóńgóyárò tó ń rúwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì: kí ni ká ṣe sí i?

Onílé Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Dóńgóyárò kan wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n gé e lulẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fi kùkùté tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀. Ó fẹ̀ tó íǹṣì 18. Kò ju oṣù méjì lọ tí ọ̀mùnú tó lé ní ogún fi yọ yí etí rẹ̀ ká, àwọn mìíràn ti ga dé àyà. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ló fi jìnnà sí fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì náà sì ti sán láti òkè wá sísàlẹ̀. Sọ́kàwéè wà ní ẹsẹ̀ bàtà 12 síbẹ̀, kànga wà ní 30. Káfíńtà kan ní ká to táyà lé e ká dáná sun ún. Ẹlòmíràn ní omi bátìrì ni. Aládùúgbò ní àpò iyọ̀ kan á parí ẹ̀. Èwo ni ká gbọ́? Àbí ká kúkú hú u?

Àǹtí Olódòdó:
Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Omi bátìrì ò lè pa dóńgóyárò. Ibi tó bá kàn ló máa jó, kò ní rìn dé gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ló ń bọ́ àwọn ọ̀mùnú yẹn. Èyí tó bá ṣàn kúrò lórí kùkùté á máa jẹ sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì yín, á sì wọ ilẹ̀ lọ sọ́nà kànga. Iyọ̀ náà ò sàn jù ú lọ: iye tó lè pa igi tó tóbi tó yẹn á ba ilẹ̀ jẹ́ débi pé ewúro gan-an ò ní hù níbẹ̀ mọ́, á sì mú kí irin inú òpó fẹ́ǹsì dógùn-ún.

Dóńgóyárò, mẹlaína àti tíkì, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gé wọn lulẹ̀ ò tíì pa wọ́n. Oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sínú gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀, òun ló fi ń rú. Oògùn tó máa ràn án gbọ́dọ̀ bá oje igi rìn lọ sísàlẹ̀. Glyphosate, oògùn apakoríko kan, ń rìn bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 360 g/L (gíráàmù 360 nínú lítà kan) sí lára ìgò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, jáde lábẹ́ káńtà fún yín, ẹ má rà á. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, ibi tó bá sì kàn nìkan ló ń jó, kì í dé gbòǹgbò.

Bí ẹ ó ṣe lò ó nìyí. Ojú tí wọ́n gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ, ó ti dí, oògùn ò ní wọlé níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé gbogbo ọ̀mùnú kúrò láti ìdí, kí ẹ wá gé íǹṣì 2 tàbí 3 kúrò lórí kùkùté kí ojú tuntun lè yọ. Ẹ gbá ìyẹ̀ igi kúrò lójú ẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná yọ ìdí èèpo díẹ̀, ẹ máa rí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó tutù, tó ń yọ̀ bí ilá, láàárín èèpo àti igi gan-an. Ibẹ̀ ni igi ti wà láàyè. Àárín gbùngbùn tó pupa, tó le, kò lè gbé oògùn lọ síbì kan, ẹni tó bá dà á síbẹ̀ kàn ń fowó ṣòfò ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun etí rẹ̀ yí ká, láti èèpo wọnú ní íǹṣì kan, ẹ má bu omi là á, ẹ má sì jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 5 lọ lẹ́yìn tí ẹ gé e. Mílílítà 50 sí 100 ti tó fún kùkùté yín. Ẹ kun ojú ibi tí ẹ ti gé àwọn ọ̀mùnú náà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn, torí ó yẹ kó rí wákàtí 24 kí òjò tó kàn án.

Ìbọ̀wọ́ róbà, awò ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fi ife tàbí ike tí wọ́n ń lò nínú ilé wọ̀n ọ́n.

Onílé Ìbàdàn:
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kì í ṣe ká lu ihò sí i lórí ká rọ ọ́ sínú ihò náà? Bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Olódòdó:
Ihò wúlò bí ẹ ò bá rí ẹni tó máa gé ojú tuntun. Ṣùgbọ́n etí ni ẹ máa lù ú sí, kì í ṣe àárín. Ẹ dẹ dírìlì díẹ̀ kó kọjú sísàlẹ̀, kí ihò jìn tó íǹṣì kan àbọ̀, kí ọ̀kan sì fi íǹṣì 2 jìnnà sí èkejì yí igi ká. Bí ẹ ṣe lu ọ̀kan ni kí ẹ rọ oògùn sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lu gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó padà wá rọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Agégi:
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to táyà sórí kùkùté yẹn. Igi tó ṣì ń rú kún fún omi, kò lè jóná. Táyà nìkan ló máa jó, èéfín rẹ̀ á sì wọ yàrá gbogbo àdúgbò. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni kùkùté tó ti gbẹ. Iná á wọ inú gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀, á máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ tí ẹ ò ní rí nǹkan kan lókè, á sì jáde níbi páìpù tàbí lábẹ́ fẹ́ǹsì. Bẹ́ntíròòlù tí wọ́n ń dà sí i ńkọ́? Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń gbaná kí ẹni tó ṣá ìṣáná tó sún sẹ́yìn.

Ní ti híhú, ó ṣeé ṣe. Ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kó jìn tó 3. Ẹ fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò kí ẹ tó fi àáké kàn án, torí òkúta kékeré kan ti tó láti ba ẹnu àáké jẹ́. Ojú méjì ni kí ẹ ti gé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wà láàárín tí àáké á fi ráyè. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ṣéènì fà á. Ohun tí wọ́n bà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n gé e kúrú. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa hú igi máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà 4 sílẹ̀, kó lè rí ibi mú nígbà tó bá ń mì ín. Ẹ má so ṣéènì mọ́ òpó ilé tàbí òpó fẹ́ǹsì o. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí ojú ọ̀nà ṣéènì tó ti le, bó bá já, ó lè pa èèyàn.

Bíríkìlà Àgbà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí fẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá fà á báyìí, gbòǹgbò tó gba abẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá á gbé búlọ́ọ̀kù dání. Kí Onílé kọ́kọ́ dá mi lóhùn: òkè ni sísán yẹn ti fẹ̀ jù, àbí ìsàlẹ̀?

Onílé Ìbàdàn:
Òkè ni, sà. Ìka kan lè wọ ibẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló ń tín-ín-rín, tí a ò fi rí i mọ́.

Bíríkìlà Àgbà:
Gbòǹgbò ló ń ti ìpìlẹ̀ sókè nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló rì lábẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ì bá fẹ̀ jù. Ẹ ṣe èyí lónìí: ẹ po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ẹ fi lẹ ojú sísán náà níbi méjì, kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abala ìka, kí ẹ fi bírò kọ ọjọ́ sí i lára bó bá gbẹ. Bí ó bá já lẹ́yìn oṣù kan, ògiri ṣì ń rìn. Bí kò bá já, ó ti dúró.

Ẹ pa igi náà bí Àǹtí ṣe wí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí kò bá rúwé mọ́, ẹ gbẹ́lẹ̀ láàárín kùkùté àti fẹ́ǹsì, ẹ gé gbòǹgbò tó wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ògiri. Ẹ má ṣe é kí oògùn tó ràn án tán, torí ọ̀nà tí oògùn ń gbà lọ lẹ ń gé yẹn. Kí ẹ yọ èyí tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣí ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4) tí omi rẹ̀ ò pọ̀ dí i, ẹ fi igi kì í dáadáa dé abẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá fi gbòǹgbò òkú sílẹ̀ níbẹ̀, bó bá jẹrà tán, ihò ló máa kù, ògiri tó kọ́kọ́ gòkè á wá rì. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ má tíì tún sísán rẹ́, sìmẹ́ńtì yín á kàn ṣòfò.

Ní ti sọ́kàwéè, ẹ wò ó bóyá omi ń tètè fà. Gbòǹgbò kì í lu páìpù tó dára. Ibi tí omi ti ń jò ló ń wá lọ, ihò àárín búlọ́ọ̀kù sọ́kàwéè ló sì ń gbà wọlé.

Ọmọ Èkó:
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ yín. Igi fúrúùtù lèmi ní tèmi, a ò tíì gé e. Ẹ̀ka rẹ̀ ti dé ara wáyà iná, apá kan sì wà lórí páànù. Ṣé ọmọkùnrin tó ń gun àgbọn lè bá wa gé e?

Ẹ̀gbọ́n Agégi:
Rárá o. Níbi tí ẹ̀ka bá ti fi ara kan wáyà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà, kódà láti ilẹ̀, àgàgà tí òjò bá ti rẹ ẹ́. Ẹ lọ sọ fún iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní àdúgbò yín, kí wọ́n pa iná ìlà náà kí wọ́n tó gé èyí tó wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó gé igi odindi lulẹ̀ l'Ékòó, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìtura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà yín ló wà.

Èyí tó wà lórí páànù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi okùn so ẹ̀ka náà mọ́ igi lókè kí wọ́n tó gé e. Ìgékúrò mẹ́ta ni: èkíní láti abẹ́, níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí igi, kó wọlé tó ìdá mẹ́ta ẹ̀ka, èkejì láti òkè, kó fi íǹṣì méjì jìnnà sí èkíní lọ́nà òde, ẹ̀ka á já láìfa èèpo ya. Ẹ̀kẹta ni wọ́n á fi gé ìyókù, lẹ́bàá ibi tó wú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀ka. Ẹ má gé ibi tó wú yẹn, òun ló ń bo ojú egbò. Kí wọ́n sì wò ó bóyá oyin tàbí agbọ́n wà nínú ihò igi kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.

Ọmọ Èkó:
Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni mo máa lọ síbẹ̀.

Onílé Ìbàdàn:
Ọlọ́run á bù kún yín gbogbo. Ohun méjì ló kù. Bó bá kú, ṣé ikán ò ní tibẹ̀ wọ ilé? Èkejì, Màámi ò fẹ́ oògùn rárá, torí àwọn ará àdúgbò máa ń wá já ewé ẹ̀ fún àgbo ibà.

Àǹtí Olódòdó:
Igi dóńgóyárò kì í tètè dùn lẹ́nu ikán, ìdí nìyẹn tí kùkùté rẹ̀ fi máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹ gé e wọlẹ̀ ní íǹṣì 6 bó bá ti kú, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé, ẹ má tò wọ́n ti ara ilé, ibẹ̀ ni ikán máa kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun ògiri, ikán ti débẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Màmá wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo èyí tó kù lọ. Bí Màmá bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀nà kan wà tí kò ní oògùn nínú: kí ẹ máa gé ọ̀mùnú kúrò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, nígbà tí ewé ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìgbà yẹn ni gbòǹgbò ti náwó tán tí ewé ò tíì san gbèsè padà. Ó lè gba ọdún kan sí méjì, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fo ẹ̀ẹ̀kan.

Bí ẹ bá máa lo oògùn, ìdí àgbo yìí ni mi ò ṣe ní kí ẹ fọ́n ọn sí ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ń pa á. Ẹ gé gbogbo ọ̀mùnú kí ìgò tó ṣí. Ẹ kó ewé náà fún àwọn tó fẹ́ ẹ ní ọjọ́ yẹn, kó tó kan oògùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kùn ún tí ó sì gbẹ, ẹ fi náílọ́nù dúdú bo kùkùté, ẹ so ó nídìí. Kí ẹ lọ bá àwọn tó ń wá já ewé lójúlé, kí ẹ sọ fún wọn fúnra yín, torí ìyá arúgbó tó bá fi òwúrọ̀ kùtù wọlé ò ní ka ohun tí ẹ kọ sára ògiri. Ọ̀mùnú tó bá tún yọ lára rẹ̀ tàbí lórí gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ gé e, ẹ kun ojú ẹ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Kó má wọ ìkòkò àgbo ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì gbin òmíràn fún Màmá, ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán sí ilé, fẹ́ǹsì àti sọ́kàwéè.